Ọ̀la Ti Mọ́ ní Ìkìrun

Aago mẹ́wàá alẹ́ ní Winnipeg,
aago márùn-ún ìdájí ni lọ́dọ̀ Ìyá.
Fóònù á dún lórí tábìlì ìdáná,
ohùn tí oorun kò tíì kúrò lára rẹ̀ á ní:
"Ìyàwó mi, ṣé ẹ ò tíì sùn? Ẹ kúnlẹ̀."
Bó ti ń ṣe nìyẹn láti ọdún tí a dé,
nígbà tí Àkànmú ṣì wà, tó máa ń rẹ́rìn-ín pé,
"Màmá, ẹ jẹ́ kí Ọlọ́run náà sinmi díẹ̀."

Oṣù kọkànlá, ọ̀nà Brandon dì bíi dígí.
Tírẹ́là rẹ̀ yẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sínú kòtò
pẹ̀lú ẹrù ànàmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà.
Ọlọ́pàá méjì ló kan ilẹ̀kùn.
Wọ́n ṣí fìlà. Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó la ẹnu.

Ilẹ̀ ìlú yìí a máa le bí òkúta nígbà òtútù.
Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi iná yọ́ ọ
kí ó tó gbà kí a gbẹ́ ibojì.
Mo ní, ilẹ̀, ìwọ pàápàá ò fẹ́ ẹ.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá ń gbàdúrà, n kò ṣe àmín.
Màá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ tí mo ń fọ̀.
Tẹniọlá, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló ń bá wa ṣe é:
àmín tirẹ̀, àmín tèmi, àmín bàbá rẹ̀,
mẹ́ta mẹ́ta,
bí ẹni ń bá ará ilé san gbèsè.

Ọláòṣebìkan, àbúrò ọkọ mi, wọ bọ́ọ̀sì láti Regina.
Kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Kò ní kí n mọ́kàn le.
Ó tú ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ó nù ún, ó tún un dè.
Ní ìdájí ó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín ẹnu ọ̀nà wa,
á kó ti Rosalinda aládùúgbò mọ́ ọn,
Rosalinda tó gbé ìkòkò ìrẹsì olómi wá,
tí kò gbọ́ èdè wa,
tó kàn fi àtàǹpàkò ya àgbélébùú síwájú orí mi.
Bàtà Àkànmú ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Ọláòṣebìkan kò gbé e kúrò.
Ó ń bọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá bi mí pé níbo ni Ọlọ́run wà lọ́dún náà,
n kò ní èsì tó gún.
Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó kó yìnyín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Ìyá fi ń parí àdúrà, tí n kò kà sí:
"Ọ̀la ti mọ́ lọ́dọ̀ mi níbí.
Mo ti wọ inú rẹ̀, àkùkọ ti kọ níbẹ̀.
Ẹ máa bọ̀, kò sí ẹkùn lójú ọ̀nà."

Lóṣù kejì, lálẹ́ ọjọ́ kan, fóònù kò dún.
Èmi ni mo pè. Ó gbé e, kò sọ̀rọ̀.
Mo gbọ́ bó ṣe ń mí.
Nígbà tó yá: "Òun ló yẹ kó sin mí.
Ìyàwó mi, ẹnu mi ò gbé àdúrà lónìí."

Mo nu ọṣẹ lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí táìlì tútù.
Ohùn mi há bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ tí a ti ṣí i.
N kò rí ọ̀rọ̀ ńlá sọ. Mo ní, Olúwa,
ìyá kan wà ní Ìkìrun tí ilẹ̀ ti mọ́ bá,
ó sì ń bẹ̀rù ọjọ́ náà. Di ọwọ́ rẹ̀ mú.
Àná rẹ̀ la ṣì wà níbí,
a ń bá a ṣọ́ ọ.

Ó pẹ́. Àkùkọ kọ lẹ́yìn rẹ̀.
Lẹ́yìn náà ni ohùn kékeré kan,
kékeré bíi ti Tẹniọlá:
Àmín.
Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Níta, yìnyín ti tún bẹ̀rẹ̀.
Mo gbọ́ Ọláòṣebìkan ní pálọ̀, tó dìde,
tó ń wá ṣọ́bìrì nínú òkùnkùn.