Omídùn

Aago méje òwúrọ̀ ní Ìdí-Àràbà, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.
Mo fojú lé maikirosíkóòpù,
mo ń wo ohun tí dókítà fi òwú gbá
láti inú ilé ọmọ Múínátù Bàkàrè.

Ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ.
Ìyá ọkọ rẹ̀ ní òfìfo ni:
"Ilé tí a kì í gbúròó ẹnì kan, ta ló ń gbébẹ̀?"
Ó sọ ọ́ fún mi bí mo ti ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò.
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dénú.

Màmá, ẹ wá wò ó.
Ẹ yọ jígí yín, ẹ di ojú kan.
Èrò ló wà níbí.
Kì í ṣe ti Ìdúmọ̀tà, níbi tí ẹsẹ̀ ò gbèrò;
díẹ̀ ni wọ́n, bí àwọn tó ń dúró de
ọkọ̀ ojú omi ìkẹyìn l'Ébùúté-Èrò.

Àwọn tó rí bí igi ìṣáná yìí,
tí aró mi sọ di ẹlẹ́sè àlùkò,
mo mọ ẹbí wọn.
Inú ìkòkò ìyá mi ni wọ́n ń gbé, l'Ébùúté Mẹ́tta,
ọjọ́ kẹta tí àgbàdo ti wà lómi,
tí omídùn ti kan, tó ń jí àwọn ayálégbé.
Ìyá mi ò mọ orúkọ wọn.
"Má ṣí i," ló máa ń wí. "Wọ́n ń ṣiṣẹ́."

Ẹsitirójìn ló ń bọ́ wọn:
á ti ilé ẹyin wá, á tẹ́ ṣúgà sẹ́nu ọ̀nà,
wọ́n á jẹ ẹ́, ibẹ̀ á kan,
àlejò burúkú á gbóòórùn, á yà.
Ìdajì oṣù, èkejì á wọlé, pùrojẹsitirónì,
abánipalẹ̀mọ́ tó ń tẹ́ ẹní lé ẹní:
"Ẹ rọra o, bóyá ẹnì kan ń bọ̀."
Bí ẹnikẹ́ni ò bá wá, á lọ.
Ẹní á ká. Ẹ̀jẹ̀.
Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ.

Lóòótọ́, igi ìṣáná ò pọ̀ tó bí mo ṣe fẹ́.
Àwọn roboto kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí n ò fẹ́ràn ìrísí wọn.
Ṣé àwọn ni? N ò mọ̀.
Àwọn tó kàwé jù mí lọ ṣì ń jiyàn lé e.
Ohun tí mo rí nìkan ni mo kọ.

Fóònù dún.
"Ṣé ó ṣófo?"
Rárá, Múínátù. Kò ṣófo.
Ó dákẹ́ títí.
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Mo ti gbé e sí sípíkà."