Ìjánu

Ọjọ́ kẹta tí ọkọ̀ náà ti ń pariwo
ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí ọjà Ẹ̀fọ̀n,
híìn-híìn, bí ewúrẹ́ tí wọ́n fi okùn fà kúrò nídìí èèpo iṣu,
ni mo sọ fún ara mi pé ní Sátidé yìí
n kò ní gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kankan.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún iṣẹ́ ọwọ́ nìkan,
owó oṣù olùkọ́ kò sì tíì wọlé.

Ìkuukùu ṣì bo orí òkè nígbà tí mo fi òkúta há táyà ẹ̀yìn,
òkúta ńláńlá, torí kò sí ilẹ̀ tó tẹ́jú tán ní Ẹ̀fọ̀n.
Àgbàlá wa gan-an, bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ,
iwájú ilé Fámùwàgún ni wàá ti lọ ṣà á.

Baba Fámùwàgún gbé àpótí rẹ̀ wá láìjẹ́ pé mo pè é.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa lọ́rì.
Bíréèkì ni gbogbo wa ń pè é;
“ùjánu” ni tirẹ̀, bíi ti ẹṣin.
“Dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí o tó fi jáàkì gbé e.
Ẹsẹ̀ tó bá ti kúrò nílẹ̀, yíyí ni yóò máa yí mọ́ ọ lọ́wọ́.”
Mo ti gbé e. Mo tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.
Kò rẹ́rìn-ín.

Táyà bọ́, kálípà ṣí, páàdì jáde:
ó fẹ́lẹ́ bí àjákù ọṣẹ nípàrí oṣù.
Èkejì kò tilẹ̀ lẹ́ran lára mọ́,
irin lásán ló ń bá irin jà,
ojú dísìkì sì ti di poro, poro.
Mo fi èékánná tọ ọ̀kan, èékánná há síbẹ̀.
Èyí ni mo fi gbé Morẹ́nikẹ́ lọ bímọ ní Adó,
lóru, nínú òjò, tí mò ń sáré.

Dísìkì kọ̀, kò bọ́. Ìpẹtà ti fẹ́ ẹ níyàwó.
Mo lù ú. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo da epo sí i lára,
mo lọ jẹ búrẹ́dì, mo padà wá lù ú.
Nígbà tó já, díẹ̀ ló kù kó fi àtàǹpàkò mi ṣe sààrà.

Tuntun ń dán. Mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀,
ojú ẹni tó rò pé òun ti di ọ̀gá.
“Má fọwọ́ ọlọ́ràá kàn án!
Ùjánu tó bá jẹ ọ̀rá kì í gbọ́ tẹni mọ́.”

Agogo mẹ́ta ọ̀sán. Mo yọ òkúta;
ìjánu ọwọ́ nìkan ló di ọkọ̀ mú.
Mo jókòó, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́,
ìgbà náà ni arúgbó tí kì í dìde láìdi ògiri mú
dìde gán-ún, tó ń ké:
“Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́ ná! Tẹ̀ ẹ́ kó o tó ṣí i!”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ mi lọ kan ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni tó tẹ omi.
Asán.
Mo tún tẹ̀ ẹ́. Asán tó dín díẹ̀.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹsẹ̀ mi padà,
bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ní ó tó.

Nígbà tí mo jáde, ó ti padà jókòó,
ó ń fọwọ́ pa orúnkún ọ̀tún, èyí tí kì í ká.
“Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo kó,” kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.
“Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n tẹ̀ ẹ́.
Ìgbà tí mo dé gẹ̀rẹ́ Ìtawúrẹ́...”
Mi ò bi í pé àwọn mélòó ló wà lẹ́yìn ọkọ̀.

A jọ wà á lọ sọ́jà, díẹ̀díẹ̀.
Kò pariwo mọ́. A gbọ́ bí àwọn ẹyẹ ṣe ń ké.
Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀ kọrọ̀,
mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ẹsẹ̀ líle yẹn,
tó ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìjókòó tirẹ̀,
níbi tí ìjánu kankan kò sí.