Lẹ́yìn Tí Tàdáwà Pupa Tán

Ọjọ́ kẹta rèé nínú ilé iṣẹ́ sìgá àtijọ́,
ní Maribor, létí odò Drava.
Tábìlì mẹ́rìndínlógún, bébà lórí bébà.
Kọfí mi ti tutù, ó ti dá awọ sójú.
Wọ́n ní kí n wá ṣe adájọ́ ẹwà,
èmi Breda, ọmọ atẹ̀wé,
tí èékánná mi kò mọ́ rí títí mo fi pé ogójì ọdún.

Mo wo ti Lisbon, mo wo ti Helsinki,
mo wo èyí tó ti Antwerp wá nínú páálí olówó ńlá.
Òbìrìkìtì ràgàjì kan láàárín,
lẹ́tà dúdú gbàgbà nísàlẹ̀,
àlàfo funfun tó ń ṣe bí ẹni tó ń ronú.
Ṣé ìpolówó báǹkì ni, àbí ti asìnkú?
Wọ́n jọra bí ìbejì,
ṣùgbọ́n nínú ìbejì pàápàá, ẹnìkan ti kọ́kọ́ tọ́ ayé wò.
Nínú igba ó dín méje yìí,
kò sí ẹni tó tọ́ nǹkan kan wò.

Wiebe, ará Groningen, ń mi orí:
“Ó mọ́,” ló wí, “ó mọ́ tónítóní.”
Ó mọ́ lóòótọ́.
Àwo tí ẹnikẹ́ni kò jẹun nínú rẹ̀ náà mọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́, n kò kórìíra ìmọ́tótó.
Bàbá mi ló kọ́ mi kí n máa fojú wọn àlàfo láàárín lẹ́tà méjì
bí ẹni ń wọn iyọ̀ sọ́bẹ̀.
Àwọn àgbà wa fa ìlà tó gún bí ojú irin
nítorí ogun ti wó gbogbo ògiri;
irú àdúrà kan ni ìlà gígún nígbà yẹn.
Àwọn ọmọ jogún ìlà,
wọn ò jogún àdúrà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé tábìlì kọkànlá.
Bébà fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.
Iṣẹ́ Ugnius, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, láti Panevėžys,
fún arúgbó atúnbàtàṣe kan tó fẹ́ ti ìsọ̀ rẹ̀ pa.
Bàtà kan pupa fòò,
èkejì ń ṣá lọ, ó ń ṣá lọ,
títí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi di èéfín.
Lábẹ́ rẹ̀: Ó dàbọ̀, ẹ̀yin ẹsẹ̀.
Ọ̀fun mi há.
Eulàlia, ará Girona, na ìka sí èéfín yẹn:
“Ẹ wo ọgbọ́n! Ó fi àwọ̀ sọ̀rọ̀ ikú!”
Ó kọ máàkì mẹ́sàn-án. Èmi náà kọ mẹ́sàn-án.

A pe ọmọ náà lórí fóònù, bí a ti ń ṣe.
Báwo lo ṣe ronú kan ṣíṣá yìí?
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí bọ́ọ̀sì kan kọjá lẹ́yìn rẹ̀.
“Ẹ jọ̀ọ́ mà, tàdáwà pupa ló tán.
Ìsọ̀ ti tì, bàbá sì ń bọ̀ wá gbà á láàárọ̀.”

Wiebe rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́.
“Àṣìṣe! Àṣìṣe la fẹ́ gbé ife fún!”
Eulàlia mú pẹ́ńsù, ó sọ mẹ́sàn-án di mẹ́rin.

Mo ní, dúró ná, ọmọ. Ẹ̀dà mélòó lo tẹ̀?
“Ogójì.”
Èwo lo fi ránṣẹ́ sí wa?
“Èyí tó kẹ́yìn.
Mo tẹ́ gbogbo wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá mi,
òun nìkan ló jọ bàbá.”

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi:
tàdáwà ló tán, ojú kò tán.
Àtinúdá tí ẹ ń pè yìí, kì í fìgbà gbogbo ti inú wá.
Nígbà mìíràn ìta ló ti ń bọ̀, tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀,
yóò kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan péré,
ẹni tó bá wà nílé ló ń ṣí i.
Kọ̀ǹpútà wa kì í jẹ́ kí àwọ̀ tán mọ́.
Ta ni yóò wá gbọ́ kíkàn?

Ife lọ sí Antwerp.
N kò pa mẹ́sàn-án mi rẹ́.
Nínú ọkọ̀ ojú irin lálẹ́ ọjọ́ náà, mo bọ́ bàtà,
mo gbé e sábẹ́ iná, mo wo gìgísẹ̀ rẹ̀.
Tòsì ti jẹ ju tọ̀tún lọ.
Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wọ̀ ọ́, n kò rí i rí.