Lẹ́tà Inú Dúrọ́ọ̀

Oṣù mẹ́ta ni lẹ́tà náà ti sùn sínú dúrọ́ọ̀ mi,
lábẹ́ fáìlì àwọn tó kú
kí owó ìfẹ̀yìntì wọn tó jáde.
Mo ti sanwó ṣọ́ọ̀bù ní Alékúwodò.
Mọ́rẹ́nikẹ́ kò tíì mọ̀.
Owó oṣù kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń dé,
bí ọkọ̀ tí wọ́n ń tì, tó sì ń délé.

Lánàá mo tú máṣíìnì ìránṣọ aládùúgbò kan,
mo ro epo sí i, mo tò ó padà.
Abẹ́rẹ́ dúró, ó ń wò mí.
Bàbá mi a máa sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé:
“Má wo abẹ́rẹ́ lójú.
Fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀lé ọ.”

Láàárọ̀ yìí, mo dé Ọlá-Ìyá,
àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ń yún mi nínú bàtà ọ́fíìsì.