Igi Dúdú Bàbá Mi

Ọyẹ́ ọdún yẹn ló la ọrùn gìtá bàbá mi.
Mo gbé e láàárọ̀ Sátidé, irin wẹ́wẹ́ tó dábùú ojú rẹ̀
ti yọ eyín síta létí méjèèjì,
wọ́n ń rẹ́ mi lọ́wọ́ bí ayùn.
Mo fi ìró ìyá mi wé e, mo gbé e lọ sí Pópó Àgùdà,
sọ́dọ̀ Bàbá Fànáńdẹ̀,
ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ kan fèrèsé mọ́ ìdajì ilé àdúgbò náà.

Ó wò ó. Kò sọ̀rọ̀. Ó fi èékánná họ ọ́.
Ó wá tẹ́ pákó méjì sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì,
méjèèjì dúdú, méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi rúlà ọmọ iléèwé.

“Èyí,” ó ní, “igi ni. Oko Bàbá ni mo ti rà á,
lọ́wọ́ Múfútáù tó ń ta gẹdú lẹ́bàá ọ̀sà.
Ọdún mẹ́fà ló fi gbẹ nínú àjà mi.
Á máa béèrè òróró bí awọ ọmọ tuntun,
á wú lójò, á súnkì lọ́yẹ́,
ìwọ náà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè àlàáfíà igi.
Èkejì yìí, pépà ni.
Pépà! Wọ́n rẹ ẹ́ sínú gọ́ọ̀mù, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sè é
títí ó fi gbàgbé pé òun lè ya.
Òjò kò mọ̀ ọ́n. Ọyẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Wọn ò gé igi kankan...”
“Kí ni wọ́n fi ń ṣe pépà, Bàbá?”
Ó rẹ́rìn-ín, ó wú ikọ́.

Mo ní igi ni mo fẹ́.
Igi dúdú ni bàbá mi tẹ̀ títí ó fi kú,
igi dúdú gidi, ó máa ń wí bẹ́ẹ̀ fún àlejò
kó tó fi ìjókòó lọ̀ wọ́n.
Ẹ wo kòtò tí ìka rẹ̀ gbẹ́ sábẹ́ okùn kejì:
ogójì ọdún, ní Yábàá, ní Ìdúmọ̀tà, ní gbọ̀ngàn ìjọ.
Pépà wo ló máa gba irú ìyẹn sára?

Bàbá Fànáńdẹ̀ da kẹrosíìnì díẹ̀ sí àkísà.
Ó nu ọrùn gìtá lẹ́ẹ̀kan, ó nù ún lẹ́ẹ̀kejì.
Àkísà dúdú.
Ó fi abẹ fá ibi tí kò tó èékánná àtàǹpàkò.
Abẹ́ rẹ̀ funfun
bí inú iṣu.
“Arère,” ó ní, pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń túfọ̀.
“Pólíìṣì bàtà ló wà lókè.”

Arère! Igi tí ọmọdé lè fi èékánná kọ orúkọ sí.
Kòtò yẹn kò gbà tó ogójì ọdún.
Mo rántí agolo pólíìṣì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
bàbá tó jẹ́ pé sálúbàtà ló ń wọ̀ lọ síbi gbogbo.
N kò bi í rí.
Ọwọ́ rẹ̀ lórí mi: òórùn bàtà tuntun.

“Ohùn ńkọ́?” mo bi í nígbà tó yá.
“Ti bàbá rẹ dùn?”
“Ó dùn.”
“Lórí arère?”
Mo dákẹ́.

Mo mú pépà.
Bóyá owó ni. Bóyá ìbínú ni.
Igi gidi náà kò ṣẹ̀ mí,
ó kàn sùn síbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, dúdú dé inú.

Ọyẹ́ tún ti dé. Ètè ń là, ilẹ̀kùn ń ké.
Gìtá dúró gbọnrangandan, kò ya, kò wú,
kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi.
Ẹ̀là arère náà wà lójú fèrèsé.
Lóru àná ó ta páú nínú òkùnkùn,
mo dìde jókòó.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ra agolo pólíìṣì dúdú kan
lọ́wọ́ aránbàtà tó wà ní ìkóríta wa.
Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo sálúbàtà mi,
ó fún mi ní ṣéńjì.
Kò bi mí.