Ẹ̀ka tí Kò Tíì Gbó

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń bó èèpo igi kínámónì
ní Ambalangoda, níbi tí òkun ti ń bú lẹ́yìn ọgbà.
Ẹ mú ẹ̀ka wá, ẹ dì mí lójú,
àtàǹpàkò mi yóò sọ fún yín bó ṣe gbó tó.
Èyí tó ṣì tutù, a kì í fi ọ̀bẹ kàn án.
Bó o bá bó o láìtọ́jọ́, èèpo á fà ya,
iṣẹ́ á bàjẹ́ sí ọ lọ́wọ́.
Bàbá mi ló kọ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n.
Mo mọ̀ ọ́n dájú.

Yasiru pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá lóṣù kẹrin.
Àfi bíi pé òru ló fi ń ga:
ṣòkòtò ilé ìwé kò dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.
Bó bá ti ìdí igi àgbọn sáré bọ̀,
tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun,
tí apá yí gba òkè orí,
bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì á pọ́n fòò kọjá lójú ẹni tó mú igi,
ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fọ́n ká.
"Ọmọ Piyadasa!" ni wọ́n ń pariwo.
Orúkọ mi ni wọ́n ń pè.
Ó dùn mọ́ mi ju oyin lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Weerakkody ní kó máa ju ọgọ́ta lóòjọ́.
Ní Sátidé, ọgọ́rùn-ún.
Ní Sọ́ńdè, ọjọ́ ìsinmi,
èmi fúnra mi ni mo gbé àpótí jókòó,
tí mo ń kà á, tí mo ń sọ pé, "Mẹ́wàá sí i."
Èmi ni.
Ẹ má wá olè lọ sílé ẹlòmíràn.

Ó kọ́kọ́ sọ pé ẹ̀yìn ń ro òun.
Mo ní gíga ló ń ga. Ìyá rẹ̀ fi òróró lílọ́wọ́ọ́wọ́ pa á.
Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́.
Ó ń wọ bàtà bí arúgbó,
ó ń di ògiri mú kó tó dìde nídìí oúnjẹ.
Sachini, ọmọ ọdún méje, ló bi mí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan:
"Bàbá, kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń sùn sórí símẹ́ǹtì?"

Ní ọsibítù Gálì, Dókítà Ilangakoon gbé àwòrán síwájú iná.
Eegun ẹ̀yìn ọmọ mi rèé, ó funfun bíi lékeléke.
Ó fi ìdí bírò tọ́ka sí ìlà kan,
tínńrín, bí irun tó já sínú àwo ọbẹ̀.
"Kò ṣubú," ni obìnrin náà wí. "Ẹnì kan ò gbá a.
Ohun kan náà ló ń ṣe lójoojúmọ́,
eegun rẹ̀ kò sì tíì kọ́ ara rẹ̀ tán."
Ó ń kọ̀wé lọ. Kò gbójú sókè.
"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, bàbá?"

Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun.
Mo wo àtàǹpàkò mi, tí èèpo igi ti pa láró,
àtàǹpàkò ọlọ́gbọ́n yìí,
tí kò fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kan ẹ̀yìn ọmọ mi.

Oṣù mẹ́fà. Kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan kan, òkúta sí màngòrò pàápàá.
Ọ̀gbẹ́ni Weerakkody ránṣẹ́ pé ìdíje ń bọ̀.
N kò fèsì.

Nírọ̀lẹ́, ó máa ń wá bá mi lábẹ́ àtíbàbà,
ó nà ró nínú àmùrè líle tí wọ́n fi dì í,
bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.
Lánàá ó fa ọ̀kan yọ nínú ẹrù àárọ̀, ó nà án sí mi:
"Èyí ńkọ́?"
Mo tẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣì tutù.
Ọwọ́ mi ló gé e.
"Kò tíì tó," ni mo wí.
Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, jẹ́jẹ́.
"Ṣùgbọ́n kùkùté rẹ̀ á tún rú, àbí?"

Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti ojú òkun.
Mo ní kó jẹ́ ká máa wọlé.