Èèpo Tí Dursun Kò Sun

Lókè Giresun, níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ti le
débi pé ewúrẹ́ ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbẹ́sẹ̀,
oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ká fíndíkì:
kóró ribiti, kò ju orí àtàǹpàkò ọmọdé lọ,
nínú èèpo tí etí rẹ̀ ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ.
Ẹ̀rọ á bọ́ ọ láṣọ.
Kóró á wọ àpò, àpò á wọ ọkọ̀,
owó á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí à ń jẹ ní gbèsè.
Èèpo á kù nílẹ̀, á ga tó ilé màlúù.
Wọ́n á dáná sun ún.
Ọjọ́ mẹ́ta ni èéfín á fi jókòó sí àfonífojì
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kóun dìde.

Dursun ní kí wọ́n má sun tòun.
Kì í ṣe ọgbọ́n.
Ikọ́ ló ń bá Zekiye aya rẹ̀ jà.

Òkìtì náà wà níbẹ̀.
Òjò Òkun Dúdú lù ú, yìnyín bò ó,
adìyẹ fẹsẹ̀ ha á, kò rí nǹkan jẹ, ó kọjá.
Nígbà tí òtútù rọlẹ̀, Zekiye bu èèpo lókè òkìtì.
Erùpẹ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n wà wá láti àbàtà òkèèrè,
owó rẹ̀ ti fẹ́ ju ti ata tí yóò hù nínú rẹ̀.
Ó fi ìṣó gbígbóná lu ìdí ike yọ́gọ́ọ̀tì,
ogójì ike, ata kọ̀ọ̀kan.
Wọ́n hù.
Wọ́n pọ́n bí ojú olókùnrùn.
Mẹ́ta ló kù.
"Mo ní kí o sun ún," ni Zekiye wí,
"pàǹtí ni pàǹtí ń jẹ́."

Wọ́n ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin.
Ta ló ti bi ààtàn léèrè
ohun tó ń fi ẹ̀gbin ọ̀hún ṣe?

Dursun mú àmúga, ó la ikùn òkìtì.
Ooru tú jáde, gbígbóná bí inú búrẹ́dì.
"Kò tíì jinná ni."
Ó po ìgbẹ́ màlúù mọ́ ọn, ó bomi rin ín,
ó yí ti ìsàlẹ̀ sókè, ó fi ti òkè sísàlẹ̀,
ó sì tún fi í fún òtútù ọdún kan sí i.

Ó wá dúdú. Ó ń rùn bí igbó lẹ́yìn òjò.
Ẹ̀kúnwọ́ méjì èèpo, ọ̀kan iyanrìn odò,
ọ̀kan ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé.
Ó fún un ní ìkúùkù: kò ro omi.
Ó la ọwọ́: kò fọ́nká.

Ẹ jẹ́ n sọ ti orúkọ rẹ̀.
Ìyá rẹ̀ bí mẹ́rin ṣáájú rẹ̀,
mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́ igi fíndíkì.
Nígbà tí ìkarùn-ún ké, bàbá rẹ̀ ní Dursun,
èyíinì ni pé, kó dúró.
Àwa tí a ń sọ ọmọ ní Dúrósinmí, Dúrójayé,
ta ló kù tí yóò túmọ̀ ìyẹn fún wa?

Láàárọ̀, lójú fèrèsé, ó tẹ̀ba lé ike:
ata, tòmátì, kábéèjì dúdú.
"Dur," ni ó ń wí. "Dur, dur."
Nilgün ọmọ-ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín:
ohun tí à ń wí fún dírẹ́bà nìyẹn, Bàbá!

Zekiye kà wọ́n. Ó tún wọn kà.
Méjìdínlógójì.
Lédè tiwa, méjì tí kò hù
ṣì wà nínú òǹkà.

Dursun mú ike méjèèjì jáde,
ó gbọ̀n wọ́n dà sórí òkìtì tuntun.
Ní òkè kejì, aládùúgbò kan ti ń wá ìṣáná.